Kọ́lọ́ọ̀mù Orúkọ Àkọ́bí

Ọ̀gbẹ́ni Adéògún pe tábìlì tí mo kọ́ ní "ọkàn àwùjọ wa". Ó sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ọlọ́jà tó gbé iṣẹ́ náà fún wa, ó gbé ọwọ́ lé àyà, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, mò ń jẹ ẹ̀pà. Tábìlì ni tábìlì ń jẹ́. Inú kọ̀ǹpútà ló wà: ìlà kan fún ẹnì kan, kọ́lọ́ọ̀mù kan fún ohun kan tí a fẹ́ mọ̀ nípa ẹni náà, bí orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò ní ọkàn. Ohun tí èèyàn bá kọ sí i ló ń tọ́jú, ì báà jẹ́ òótọ́, ì báà jẹ́ irọ́.

Abíọ́lá lorúkọ mi. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Ẹ̀yìn káńtà ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Darkuman, nínú ìlú Accra, ni mo ti kọ́ ọ, lórí kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí bọ́tìnì mélòó kan ti yọ lára rẹ̀. Mi ò bá wọn kọ́ ọ̀rọ̀ ńláńlá tí wọ́n fi ń bo iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀. Ohun tí mo ti rí ni pé bí ẹnì kan bá fún nǹkan lórúkọ tó gùn ju nǹkan náà lọ, ohun kan wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ kí n wò.

Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kún ẹnu Adéògún. Èkó ló ti wá bá wa ní Accra. Ó gba yàrá kan ní Kokomlemle, lókè ibi tí ọkùnrin kan ti ń tún fáànù ṣe, ó sì kọ "Ilé Ojútùú Ìgbàlódé" sára ilẹ̀kùn. Àwa mẹ́ta là ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òun ló ń wá oníbàárà. Èmi ni mò ń kọ́ ohun tó ti tà fún wọn kí n tó gbọ́. Abena, ọmọ ilẹ̀ yìí, ló ń lọ bá àwọn tó ń lò ó láti mọ ohun tó ń dà wọ́n láàmú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń dán fáànù ńlá wò nísàlẹ̀, a kì í gbọ́ ohun tí Adéògún ń sọ. Mo fẹ́ràn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Oníbàárà tó mú wá lọ́tẹ̀ yìí ni ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá tó ń tajà nínú ilé kan nítòsí ọjà Kaneshie. Wọ́n ti wó ilé náà, wọ́n ti tún un kọ́, ó wá ku kí kálukú mọ ṣọ́ọ̀bù tó kàn án. Ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ fi pín in, wọ́n sì jà débi pé fìlà alága ya. Ni wọ́n bá ní ká ṣe é sórí fóònù. Olúkúlùkù máa ní àkáǹtì, ó máa bá ṣọ́ọ̀bù tó bá ibi tó wà tẹ́lẹ̀ mu nínú rẹ̀, bó bá sì wù ú, ó lè bá ẹlòmíì ṣe pàṣípààrọ̀. Ohun tó bá wà nínú tábìlì ní ọjọ́ Jímọ̀ ni alága máa fọwọ́ sí. Kò ní í sí ẹjọ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Orí orúkọ lèmi àti Adéògún ti jà. Kọ́lọ́ọ̀mù méjì ló fẹ́, ọ̀kan fún orúkọ àbísọ, ọ̀kan fún orúkọ ìdílé. Mo ní kó wá wo àwọn èèyàn tó ń bá ṣe. Obìnrin kan ń jẹ́ Afeefah ní mọ́sálásí, ó ń jẹ́ Abọ́dúndé nílé, káàdì ìdánimọ̀ Ghana rẹ̀ sì ń pè é ní Felicia, torí pé tíṣà tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé kò lè pe èyí tó kù. Mo ní kí orúkọ ní tábìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹnì kan lè ní iye tó bá ní. Adéògún ní ìyẹn kò rẹwà. Mo ní aṣọ kọ́ là ń rán. A fa ọ̀rọ̀ náà títí Abena fi gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ráyè wo kọ́lọ́ọ̀mù tó kẹ́yìn.

Alága ẹgbẹ́ náà, Alhaji Ìbráhímù, ló mú kọ́lọ́ọ̀mù yẹn wá. Ó ní àwọn ìyá máa gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ wọn ni wọ́n á máa pè láti ibi iṣẹ́. Ó ní ká fi ìbéèrè kan síbẹ̀ fún ẹni tó bá gbàgbé, ìbéèrè tí obìnrin kankan kò lè ṣi ìdáhùn rẹ̀ sọ láé: kí ni orúkọ àkọ́bí rẹ? Gbogbo ìgbìmọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ. Adéògún pè é ní "kọ́kọ́rọ́ abiyamọ", ó sì ní kí kọ́lọ́ọ̀mù náà má gbà kí ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀ lófìfo. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ẹni tí kò bímọ máa kọ. Èmi ò bímọ. Nígbà tí mo ń dán an wò, mo kọ "kòsí" síbẹ̀, ó gbà á, mo sì bá iṣẹ́ mi lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo kọ̀ fún Adéògún. Ó fẹ́ kí ìdáhùn wọn wà ní gbangba nínú tábìlì, kí ẹni tó wà ní ọ́fíìsì lè máa wò ó. Mo ní rárá. Bí mo ṣe ń ṣe páásíwọ́ọ̀dù ni mo ṣe ìdáhùn náà. Ẹ̀rọ á lọ ọ̀rọ̀ náà kúnná kó tó tọ́jú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè dá a padà, títí kan èmi fúnra mi. Ohun tó kàn lè ṣe ni pé bí o bá tún kọ ọ̀rọ̀ náà wá, á lọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, á wò ó bóyá ó bá tàkọ́kọ́ mu. Adéògún ní èmi ò fọkàn tán èèyàn. Mo ní òótọ́ ni.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé la ṣí i fún wọn. Kò tíì tó ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi dàrú.

Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Láàárín wa, obìnrin tó bá ti bímọ, ta ló tún ń pè é lórúkọ rẹ̀? Ìyá Nasrullah ni. Ìyá Zàíd ni. Orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ni wọ́n fi ń kí i láàárọ̀, òun náà ni wọ́n fi ń bú u lálẹ́. Èmi ni wọ́n ṣì ń pè lórúkọ mi, bóyá ìdí nìyẹn tí mi ò fi tètè rí i. Alága àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ kò ní àwáwí kankan.

Ẹnì kan ló kọ́kọ́ fẹ́ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Nasrullah tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Ó ní òun gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ bi í ní ìbéèrè, ó kọ Nasrullah, ilẹ̀kùn ṣí, ó fi ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀. Ìyá Nasrullah gbọ́, kò pariwo, ó gba inú àkáǹtì Ìyá Zàíd wọlé, ó mú ṣọ́ọ̀bù ìyẹn náà. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, kò sí olè kan pàtó tí a lè mú. Gbogbo wọn ti wọ inú àkáǹtì ara wọn. Ẹnì kan tiẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹni tó jí i, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Abena ti Kaneshie dé, ó bọ́ bàtà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi lédè Twi pé òun ò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" lọ, àmọ́ níbi tí òun ti ń dúró de ọkọ̀ trotro lásán, òun ti mọ ọ̀nà wọ ìdajì àkáǹtì ọjà náà. Ó ní àwa Alata, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí, nìkan ni òun rí tí a ń fi ọ̀rọ̀ àṣírí kí ara wa.

Adéògún kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbogbo àkáǹtì pa, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yí ohunkóhun padà nínú wọn, ó dá kálukú padà sí ṣọ́ọ̀bù tó bá a níbẹ̀rẹ̀, ó sì pe ìpàdé sí ọjọ́bọ̀. Ó ní "ìṣípayá ní gbangba" ni oògùn rẹ̀. Olúkúlùkù máa dìde níwájú ìgbìmọ̀, á sọ ìdáhùn rẹ̀ sókè, òun Adéògún á tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, bó bá ṣí, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ di tirẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá ṣí máa lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ṣẹ́kù, lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn tí orúkọ ọmọ wọn ti dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé ni ó tún fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ kan náà tún un ṣe lọ́jọ́bọ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní èmi ò lóye bí àwùjọ ṣe ń wo ara rẹ̀ sàn.

Mo wo inú ẹ̀rọ láti mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Àkáǹtì kan ṣoṣo ni kò sẹ́ni tó rí wọ̀. Ẹnì kan ti gbìyànjú rẹ̀ léraléra, gbogbo ìdáhùn rẹ̀ ni ẹ̀rọ kọ̀. Ti Ìyá Raqeebah ni, ẹni tó ń ta abọ́ ike àti abọ́ tánganran. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló dára jù nínú ilé náà, èyí tó wà ní igun, ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Kò sí oníbàárà tó máa wọlé tí kò ní í kọ́kọ́ rí i.

Òun fúnra rẹ̀ ló gun àtẹ̀gùn wa wá ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀. Fàdílátù lorúkọ rẹ̀, ó jù mí lọ díẹ̀. Ó jókòó, ó wo ilẹ̀kùn, ó ní, "Àǹtí Abíọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè yí ohun tí mo kọ síbẹ̀ padà?"

Mo ní wọ́n ti tì í, kò ṣeé yí. Mo bi í pé kí ló wá fẹ́ yí. Gbogbo ayé mọ̀ pé Raqeebah ni.

"Orúkọ àkọ́bí ni wọ́n béèrè," ó ní. "Raqeebah kọ́ ni àkọ́bí mi."

Ó wá sọ ọ́ fún mi, wéré, bí ẹni tó ń ka iye abọ́. Ó ti bí ọmọkùnrin kan ní Darkuman kó tó rí ọkọ tó ń fẹ́ yìí. Wọ́n sọ ọmọ ní orúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, kò sì pẹ́ tó fi kú. Ìyá rẹ̀ ní kí ó gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Ilé ọkọ gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò tíì bímọ rí, wọ́n sì ti ń pè é ní Ìyá Raqeebah láti ìgbà yẹn. Ọkọ rẹ̀ kò mọ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú. Bó bá dárúkọ mìíràn níwájú ìpàdé lónìí, ilé ọkọ á mọ̀ pé irọ́ ni òun ti bá wọn gbé. Bí kò bá sì dárúkọ náà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ.

Kò dárúkọ ọmọ náà fún mi, mi ò sì béèrè. Ohun tí mo béèrè ni ìdí tí kò fi kàn kọ Raqeebah bíi ti gbogbo èèyàn.

"Ẹ̀rọ yẹn bi mí," ó ní. "Láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti lọ, kò sẹ́ni tó tún bi mí."

Mo fẹ́ sọ fún un pé kò sẹ́ni tó bi í. Alága kan tó ń bẹ̀rù páásíwọ́ọ̀dù ni, àti èmi tí mo kọ́ kọ́lọ́ọ̀mù kan láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò sọ ọ́. Mo ní kó máa lọ sílé, kó wá sí ìpàdé, kó má dárúkọ kankan kí n tó dìde.

Ilé kéwú kan ní Darkuman la ti ṣe ìpàdé náà. Alhaji Ìbráhímù jókòó sáàárín pẹ̀lú fìlà tuntun. Mutmainah, akọ̀wé àwọn obìnrin, jókòó ní ọ̀tún rẹ̀. Àbúrò ọkọ Fàdílátù ni Mutmainah í ṣe, aṣọ àwọn ọmọdé ló ń tà, ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gan-an sì ni ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ bọ́ sí.

Adéògún fi ọ̀rọ̀ gígùn kan bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí Ìyá Zàíd tó la ẹnu, gbogbo ilé ti dá a lóhùn pé Zàíd. Ti Ìyá Nasrullah náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu ara wọn léjìká. Adéògún ní ìyẹn ni wọ́n ń pè ní "ẹ̀rí àwùjọ". Èmi wò ó bí ó ṣe ń tẹ orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ sínú ẹ̀rọ, tó ń mi orí bíi dókítà.

Ó kan Fàdílátù. Ó dìde. Gbogbo ilé dá a lóhùn pé Raqeebah. Adéògún tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ kọ̀. Ó tún un tẹ̀, ó fa ojú ro, ẹ̀rọ kọ̀.

"Mo ti mọ̀ pé kò ní í ṣí," ni Mutmainah wí. "Gbogbo bí mo ṣe tẹ Raqeebah lọ́jọ́ Ajé, kò gbà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nímú lẹ́yìn. Mutmainah fa ìbòrí rẹ̀ síwájú, ó ní ńṣe ni òun fẹ́ bá ìyàwó àwọn tọ́jú rẹ̀, kí àwọn olè má bàa rí i mú. Lẹ́yìn náà ló rí i pé ohùn òun ti padà bọ̀ sípò. "Ẹ ṣáà bi í. Bí kò bá jẹ́ Raqeebah, orúkọ ta ló kọ síbẹ̀?"

Alága wo Fàdílátù, ó ní kó dáhùn. Adéògún ní òfin jẹ́ òfin, ìṣípayá ni gbogbo ẹgbẹ́ fọwọ́ sí. Fàdílátù wo ilẹ̀.

Mo dìde, mo gba fóònù náà lọ́wọ́ Adéògún. Mo ní ẹ̀rọ yìí kò ní etí, ìka ló mọ̀, kí obìnrin náà tẹ ìdáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Adéògún ní ìyẹn máa ba ìṣípayá jẹ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Adéògún," mo ní, "bí ẹ bá fẹ́ ìṣípayá, ẹ kọ páásíwọ́ọ̀dù tiyín sára ògiri yẹn. Mo ní ṣọ́ọ̀kì nínú báàgì mi."

Kò fẹ́. Alága bi mí pé bí àkáǹtì náà bá ṣí ńkọ́, báwo la ṣe máa mọ̀ pé òun ló ni ín. Mo ní akọ̀wé yín ti bá wa dán an wò títí, kò ṣí fún un. Ẹni tó bá ṣí fún ló ni ín. Alága wo Mutmainah, Mutmainah sì ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Alága ní kí wọ́n fún Fàdílátù ní fóònù.

Fàdílátù kọjú sí ògiri. Ó tẹ̀ ẹ́. Ibi tí mo wà, àmì dúdú kéékèèké nìkan ni mo rí tí wọ́n ń tò tẹ̀lé ara wọn, bí mo ṣe ṣètò rẹ̀. Àkáǹtì ṣí. Ṣọ́ọ̀bù igun, ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó na fóònù sí alága, alága rí i fúnra rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ni Mutmainah wí, "kí lo kọ?"

Fàdílátù yí padà. Orúkọ tó fún àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ ló fi dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ sì tutù. "Ìdílẹ̀kẹ̀, kí lẹ ń wá nínú àkáǹtì mi lọ́jọ́ Ajé?"

Alága ní kí ẹni tó kàn dìde.

Wọ́n fọwọ́ sí tábìlì náà lọ́jọ́ Jímọ̀. Adéògún tún sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ fi hàn pé a jẹ́ àwùjọ tó mọ ara rẹ̀. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún un, àwọn kan náà tí wọ́n jí ṣọ́ọ̀bù ara wọn.

Mo fẹ́ pa kọ́lọ́ọ̀mù náà rẹ́. Ẹni tó bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù báyìí, nọ́ńbà kan ló máa wọlé sórí fóònù rẹ̀, ìyẹn sì tó. Ohun tí tábìlì kò bá lò mọ́, kò yẹ kó wà níbẹ̀. Mo ti bú ọ̀pọ̀ èèyàn lórí irú ẹ̀. Abena ló sọ ọ́ lọ́jà pé mo fẹ́ pa á rẹ́. Ni Fàdílátù bá tún gun àtẹ̀gùn wa.

"Gbogbo rẹ̀ lẹ fẹ́ pa rẹ́?" ó ní.

Mo ní gbogbo rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe orúkọ ọmọ náà ló wà níbẹ̀, ó ti kúnná, kò sẹ́ni tó lè kà á, òun náà kò lè kà á.

"Àmọ́ bí mo bá tún kọ ọ́ wá, ṣé ó ṣì máa mọ̀ ọ́n?"

Mo ní ó máa mọ̀ ọ́n.

Kò bẹ̀ mí. Ó kàn jókòó síbẹ̀, ó ń nu ìdí abọ́ kékeré kan tó mú wá fún mi.

Kọ́lọ́ọ̀mù náà ṣì wà níbẹ̀. Mo gba àṣẹ tó ní kò gbọ́dọ̀ ṣófo kúrò lórí rẹ̀, mo sì nu ti gbogbo wọn nù, "kòsí" tèmi náà bá a lọ. Ìlà kan ṣoṣo ló kù tí nǹkan wà nínú rẹ̀. Mo fi ojú-ewé kékeré kan sílẹ̀ fún un, tí ẹlòmíì kò rí. Nígbà míì mo máa ń rí i nínú ẹ̀rọ pé ẹnì kan wá síbẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rọ sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ burúkú ni. Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló ṣe é, mi ò ní í bá a jẹun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Adéògún ń fi tábìlì náà han oníbàárà tuntun kan, ó sì rí kọ́lọ́ọ̀mù tó ṣófo láti òkè dé ìsàlẹ̀, àfi ibì kan. Ó yíjú sí mi níwájú àlejò, ó bi mí pé kí ni iṣẹ́ èyí.

Mo ní ọkàn àwùjọ wa ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ sílẹ̀.